Ẹ Mu Kọfí Yín

Àgùntàn méjì tí wọ́n ti pa, tí wọ́n ti kun, ni Hayel fi ránṣẹ́ sí ilé àbúrò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì sọ ẹni tí yóò jẹ wọ́n. Ó ní kí wọ́n ṣáà máa sè é lọ. Àlejò ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, àwọn àgbà ìlú ni, kí àwọn obìnrin má fi ojú òun gbolẹ̀.

Nawfa, ìyàwó ilé, dúró ti ẹran náà, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Àgùntàn méjì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní. "Bàbá Sanad, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú." Falah, ọkọ rẹ̀, kò gbójú sókè níbi tó ti ń de okùn bàtà. "Àlejò ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n yín ò nílé tiwọn ni?"

"Ìyá Sanad, jọ̀ọ́. Ṣáà sè é."

Ó so okùn náà, ó tú u, ó tún un so. Ẹni tó ń de okùn bàtà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, nǹkan ń bẹ nínú rẹ̀ tí kò fẹ́ sọ. Nawfa rí i, ṣùgbọ́n ẹran kì í dúró de ìbínú, ó gbé ìkòkò kaná.

Olùkọ́ ni Nawfa, ó ti fẹ̀yìn tì. Àga kan wà tí òfin yà sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú ìgbìmọ̀ ìlú, òun ni wọ́n dìbò yàn síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbà dé ìgbìmọ̀ ètò ilé kíkọ́, àwọn márùn-ún tó ń sọ ibi tí ilé lè dúró sí àti ibi tí kò gbọdọ̀ dúró. Àwọn ọkùnrin tó fi í síbẹ̀ rò pé yóò máa jókòó, yóò máa mu tíì, bí wọ́n bá nawọ́ yóò nawọ́. Wọ́n ṣìṣe. Obìnrin náà ń ka gbogbo ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, kò sì ní la ẹnu lórí ilẹ̀ kan tí kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀. Bí ẹni tó ń tọrọ ìwé ilé kíkọ́ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà ọjà, tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí, ìdáhùn kan náà ló máa ń fún un: "Ẹ sọ ọ́ nípàdé, níwájú gbogbo ayé."

Fidda, opó tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò, wá bá wọn dáná, gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò ti í ṣe nígbà tí ìkòkò bá pọ̀. Ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ra wàrà gbígbẹ tó le bí òkúta nínú omi títí omi náà fi funfun tó sì ki. Kò sí ẹni tó mọ wàrà mansaf, oúnjẹ ẹran àti ìrẹsì tí wọ́n fi ń ṣe àlejò, í ṣe tó o ní àdúgbò náà.

"Ìyá Sanad," Fidda ní, "àbí ìyàwó lẹ fẹ́ gbé fún Sanad tẹ́ ẹ ń fi pamọ́ fún wa?"

"Ìyàwó wo? Ọmọ tó ti ń wáṣẹ́ látìgbà tó ti jáde yunifásítì. Kí ló máa fún ìyàwó jẹ, ìwé ẹ̀rí?"

Hájà Wadha, ìyá ọkọ Nawfa, jókòó sí ìdí odó igi, ó ń gún kọfí. "Kí wọ́n fi wàrà rẹ ìwé ẹ̀rí náà," ìyá àgbà náà sọ, "ó lè rọ̀ tó bá pẹ́ lórí iná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fidda náà rẹ́rìn-ín, ẹni tí ẹ̀rín ti ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà òjò èṣí.

Odò gbígbẹ kan gba ẹsẹ̀ ìlú náà kọjá, etí rẹ̀ ni ilé Fidda wà. Láti ìgbà ooru títí dé ìgbà tí wọ́n ń ká èso ólífì, eruku lásán ni odò náà, ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò òtútù bá ti bọ́ sórí òkè, omi á ti orí àpáta já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó kọjá. Ní èṣí, ó gbé ọkọ Fidda lọ níbi tó ti ń tú ewúrẹ́ sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àmúwá Ọlọ́run! Bí ọmọ aráyé bá ti fi wọ̀bìà dí ọ̀nà omi tán, orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sá dì.

Miteb, olówó tó ni ilé epo méjèèjì tó wà ní títì, ló tún fẹ́ da òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ kún ojú odò náà, lókè ilé Fidda gan-an, kó kọ́ gbọ̀ngán ìgbéyàwó lé e lórí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ yóò pinnu. Ẹni méjì wà lẹ́yìn Miteb, alága wà nínú wọn. Ẹni méjì lòdì sí i. Nawfa ló kù, kò sì tíì sọ inú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún ọkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, àwọn àlejò dé. Àwọn àgbà tó wọ agbádá dúdú olówùú wúrà létí ni wọ́n ṣáájú, irùngbọ̀n funfun tẹ̀ lé irùngbọ̀n funfun. Ẹni tó kẹ́yìn rọra ń rìn, ó dorí kodò bí ọmọ rere. Nígbà tí Nawfa yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná tó rí i pé Miteb ni, tó ń bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà òun, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jáhà ni," ó ní. "Hájà, àwọn àgbà ẹlẹ́bẹ̀ ni wọ́n kó wá bá wa."

Jáhà ni wọ́n fi ń tọrọ ọmọ ẹni fún ìgbéyàwó. Òun ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀ láàárín ẹbí méjì. Nawfa kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n fi tọrọ ìwé ilé kíkọ́.

Kótìnì kan ló wà láàárín ilé ìdáná àti yàrá àwọn ọkùnrin. Àwọn obìnrin mẹ́ta dákẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbọ́ bí Sanad ti ń bu kọfí yí ká. Wọ́n gbọ́ bí àgbà tó dàgbà jù, Bàbá Tirad, ti gbé ife tirẹ̀ sílẹ̀ láì fi kan ẹnu, tí àwọn yòókù sì gbé tiwọn sílẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀yin ọmọ ilé rere," Bàbá Tirad bẹ̀rẹ̀, "bàbá yín kò dá ẹlẹ́bẹ̀ padà rí. Ọmọ wa Miteb ní ohun kan tó fẹ́ ṣe fún ìlú, ọ̀rọ̀ náà sì wà lọ́wọ́ obìnrin ilé yín. A wá tọrọ ohùn rẹ̀. Miteb sì ti sọ pé bí gbọ̀ngán bá ti dúró, Sanad ni yóò jẹ́ máníjà ibẹ̀. A ò ní mu kọfí yín títí ẹ ó fi dá wa lóhùn."

Nawfa di kótìnì mú. Ó ń retí ohùn ọkọ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló tó: ẹ jẹ́ ká bi í ná. Falah kò sọ ọ́. Ohùn Hayel ni wọ́n gbọ́, ó kún, ó dùn, ohùn ẹni tí àgbààgbà ìlú jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ tó sì rò pé òun ti tó tán.

"Ẹ mu kọfí yín. Ẹ ti rí ohun tí ẹ wá tọrọ."

Wọ́n kí ara wọn, wọ́n mu ún. Oníkálukú mi ife rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì nígbà tó tó o, nítorí ẹni tí kò bá mi ife, wọn yóò máa bù sí i ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó.

Nawfa ti gbé ẹsẹ̀ kan sọdá. Hájà Wadha gbá a lọ́wọ́ mú, ọwọ́ arúgbó náà le bí ọmọ odó.

"Wọ́n wà nínú ilé wa," ni ìyá àgbà fi sí i létí. "Jẹ́ kí wọ́n jẹun tán."

Fidda yà kúrò lẹ́yìn kótìnì. Wàrà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ń hó lórí iná. Ó bu omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó nu ún, ó tún ọwọ́ aṣọ rẹ̀ fà wálẹ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Kò wo Nawfa lójú.

Wọ́n gbé ọpọ́n wọlé fún àwọn ọkùnrin náà, ìrẹsì àti ẹran tí wọ́n kó jọ gègèrè. Nawfa kò fi hóró kan kan ẹnu. Ìgbà tí ọkọ̀ àlejò tó kẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà ló tó wọ yàrá àwọn ọkùnrin, omi ìfọwọ́ wọn ṣì wà nílẹ̀.

"Bàbá Mufli," ó fi orúkọ ọmọ Hayel kí i bó ti yẹ kó kí i, "ẹ kú àlejò. Ta ni ẹ bi kí ẹ tó fi ẹnu mi tọrẹ?"

Hayel ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tayín. "Ìyàwó àbúrò mi, má bínú. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ohùn ilé kan ni gbogbo wa ní."

"Ohùn ìlú ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹran tí ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀."

"Ó ti jáde lẹ́nu mi níwájú irùngbọ̀n funfun mẹ́jọ! Ṣé o fẹ́ kí n máa gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí mọ́sálásí ni?"

"Fidda ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ibojì ọkọ rẹ̀."

"Ṣé èmi ni mo rọ òjò?"

"Màmá." Sanad ṣì gbé ìkòkò kọfí dání. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Iṣẹ́ mi ńkọ́? Ẹ ti ń gbàdúrà fún un. Ó dé, ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ ta á dànù."

Èyí ló dun ìyá náà jù. Ó wo ọmọ rẹ̀, ẹni tó ń sùn di ọ̀sán nítorí pé kò sí ibi tó ń lọ. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Wọn kò wí bó ti yẹ kó rí nígbà tó bá jẹ́ pé ọrùn ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ti já ìlẹ̀kẹ̀ náà wá.

"Sanad," ó ní, "iṣẹ́ tí wọ́n bá kọ́ sórí omi, omi ló máa gbà á."

Ìgbà náà ni Falah tó la ẹnu. "Sọ pé ara rẹ ò yá. Má lọ rárá. Kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé o ta kò wá, kò sì sẹ́ni tó máa lè sọ pé o gbè sẹ́yìn Miteb."

"Bàbá Sanad, bí àwọn tó kù bá pín sí méjì, ọwọ́ alága di ọwọ́ méjì. Miteb mọ̀. Bí mo bá jókòó sílé, mo ti nawọ́ fún un nìyẹn." "Nígbà tí wọ́n ń tọrọ ohùn mi, ibo ni ohùn tiyín wà?"

Falah wo bàtà rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Hájà Wadha gbé odó rẹ̀ kọjá láàárín wọn bí ẹni pé kò gbọ́. "Bàbá bàbá yín ò kọ́lé sójú odò," ó ní. "Ó ní odò ní ìwé ilẹ̀ tirẹ̀ lápò, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń mú un jáde." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nawfa wọ ẹ̀wù rẹ̀ dúdú, ó so ìbòrí rẹ̀ dáadáa, ó jáde.

Gbọ̀ngán ìgbìmọ̀ kún bámú. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò dúró ti ògiri, Fidda wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Miteb jókòó síwájú pẹ̀lú ẹnjiníà kékeré kan tó gbé àwòrán ilé náà lé orúnkún, ara rẹ̀ sì balẹ̀ bí ara ẹni tó ti mu kọfí. Kí alága tó ka ẹjọ́ náà, Nawfa dìde.

"Alága, ohun kan wà tí òfin ní kí n sọ kí n tó jókòó sí ọ̀rọ̀ yìí. Lónìí, Miteb kó àgbààgbà wá sí ilé ọkọ mi láti tọrọ ohùn mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí wọ́n mu kọfí wọn. Wọ́n mu ún. Wọn ò bi mí."

Ariwo sọ. Alága sọ ojú rẹ̀ di ojú ìbànújẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, ó hàn. "Ó mà ṣe o, Ìyá Sanad. Òfin yé gbogbo wa. Ọmọ ìgbìmọ̀ tí ilé rẹ̀ bá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń tọrọ, ó gbọ́dọ̀ jáde. Ẹnu tó bá jẹ dòdò..."

"...kò lè sọ òdodo," àwọn ènìyàn parí rẹ̀ fún un.

"Òótọ́ ni," Nawfa ní. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi Miteb. Nínú èmi àti òun, ta ló jẹun nílé ta ni?"

Miteb yíjú sí alága, ṣùgbọ́n Nawfa ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Àgùntàn ẹbí wa ni. Wàrà wa ni. Fidda tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló pò ó, láì mọ̀ pé ọ̀nà tí omi máa gbà wọ yàrá òun ni wọ́n ń jẹun lé lórí. Èmi ò fi hóró kan kan ẹnu. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ dòdò lónìí, àwọn tó wá tọrọ ni. Ìlérí tí wọ́n gbà, kí wọ́n lọ bá ẹni tó ṣe é. Bàbá Mufli kò ní àga níbí."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó yí gbọ̀ngán ká, kódà ẹni kejì tó wà lẹ́yìn Miteb fi ọwọ́ bo ẹnu. Alága yíjú sí agbẹjọ́rò ìgbìmọ̀. Agbẹjọ́rò fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni: Nawfa lè jókòó sí ọ̀rọ̀ náà. Fidda nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ka ẹjọ́ náà. Ẹnjiníà kékeré náà tẹ́ àwòrán rẹ̀, ó sọ ti gbọ̀ngán, ti iná, ti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nígbà tó parí, Nawfa ní òun ní ìbéèrè.

"Mo lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Ẹrẹ̀ èṣí ṣì wà lára ògiri ilé ibẹ̀, ó ga ju orí mi lọ. Ẹ máa dí ojú odò yìí, ẹ máa ri páìpù kan sábẹ̀. Ṣé páìpù yẹn lè gbé irú omi bẹ́ẹ̀?"

Ọmọkùnrin náà wo Miteb.

"Ẹ má wo ibẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Èmi ni mo bi yín."

Ó wo àwòrán rẹ̀. "Rárá o. Kò lè gbé e."

"Ṣé ẹ sọ fún ẹni tó gbà yín síṣẹ́?"

"Wọn ò bi mí, mà."

Kò sí ẹ̀rín mọ́ nínú gbọ̀ngán. Nawfa gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìlú yìí nílò gbọ̀ngán ìgbéyàwó. Àwọn ọmọ wa ń jẹ gbèsè láti lọ gbé ìyàwó ní ìlú ńlá. Mi ò bá gbọ̀ngán jà. Ilẹ̀ gíga kan wà lẹ́yìn ojú odò yẹn, Miteb náà ló ni ín. Kó kọ́ ọ síbẹ̀, ọwọ́ mi ló máa kọ́kọ́ lọ sókè."

"Mo fẹ́ ta ilẹ̀ yẹn ni," Miteb sọ láì rò ó.

"Ẹ ti gbọ́ ọ," Nawfa ní, ó jókòó.

Ọwọ́ mẹ́ta lọ sókè láti dá ìwé náà padà. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Miteb ká àwòrán rẹ̀, ó ní òun kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí obìnrin sọ ọ̀rọ̀ àgbà di yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin gbà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ kí Nawfa lè gbọ́. Ó gba àárín wọn kọjá. Lẹ́nu ọ̀nà, Fidda fà á láṣọ.

"Wàrà tó kù nínú ìkòkò," Fidda ní, "ẹ bò ó. Kó má kan."

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó délé. Hájà Wadha wà lórí àkéte rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ó ní Hayel ti gbọ́, ó wá, ó da ojú ìkòkò kọfí ilé dé sórí ilẹ̀, ó ní òun kò ní mu nǹkan kan mọ́ nínú ilé náà. Sanad wà ní yàrá rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Nawfa pè é, kò jẹ́.

Falah nìkan ló wà ní yàrá àwọn ọkùnrin. Hayel ló tọ́ ọ dàgbà, kò sì tíì sọ̀rọ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti yí ìkòkò náà padà. Iná wà lábẹ́ rẹ̀, òórùn kọfí tuntun gba gbogbo yàrá. Ó bu ife kan fún ìyàwó rẹ̀ láì sọ̀rọ̀, bí wọ́n ti ń bù ú fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé.

Nawfa gbà á. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò fi kan ẹnu.

Falah wo ife náà títí. "Kí lo fẹ́?"

"Kí ẹnikẹ́ni má tún fi ẹnu mi ṣèlérí nínú ilé yìí. Ẹ̀yin náà pẹ̀lú. Kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n yín."

Níta, aládùúgbò kan ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé. Kọfí náà ń tutù láàárín wọn, èéfín orí rẹ̀ ń tín-ín-rín, títí kò fi sí mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Falah ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ náà, ó sì ti rí ohun tó ná òun.

Ó na ọwọ́, ó gbé ife náà, ó da èyí tó ti tutù nù. Ó bu gbígbóná sí i. Ó gbé e padà síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Mu kọfí rẹ, Ìyá Sanad," ó ní. "O ti rí ohun tí o wá tọrọ."

Nawfa gbé e, ó mu ún. Ó korò bí kọfí wọn ti máa ń korò. Nígbà tó tán, kò mi ife náà. Falah tún bu òmíràn sí i.